Ìrànwọ́ Írẹ́lándì fún àwọn ará Palẹstínì: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2023 ni àwọn èèyàn wa tó wà ní Dublin, Cork àti Galway ti ń béèrè ibi tí owó orí wọn ń gbà lọ. Àwọn tó wà nílé náà ní ìbéèrè tiwọn: kí ló kan orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó ìdajì àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ọ̀rọ̀ Palẹstínì? A kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, a ó jókòó tì í. Ibi tí kò bá gùn, a ó kọjá.

Ta gan-an ló ń fún wọn lówó?

Ìjọba Írẹ́lándì ni, nípasẹ̀ Irish Aid, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn. Ọdún 1974 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn tí Írẹ́lándì wọ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù. Ilé aṣòfin ló ń fọwọ́ sí owó náà nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, olùyẹ̀wò ìwé owó ìjọba sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Owó orí ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, tí ẹ ń wa takisí, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù ni Trócaire, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1973. Àwọn wọ̀nyí ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n sì tún ń gbà lọ́wọ́ Irish Aid.

Èló ni?

Ẹ jẹ́ ká mú UNRWA nìkan, àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún àwọn ogúnléndé Palẹstínì. Ní 2023, Írẹ́lándì fún un ní mílíọ̀nù 18 yúrò. Mílíọ̀nù 10 nínú rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Ní 2024, ó fún un ní mílíọ̀nù 20. Owó mìíràn ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ: sọ́dọ̀ UNICEF, sínú àpò ìrànwọ́ pàjáwìrì tí OCHA, ọ́fíìsì ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó, àti sínú àpò EU, ìyẹn ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá.

Lójú wa, owó ńlá nìyẹn. Lójú UNRWA, kò pọ̀. Amẹ́ríkà nìkan fún àjọ náà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là ní 2023, Jámánì sì fún un ní ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ẹni tó bá ń fi iye owó wọn Írẹ́lándì yóò sọ pé ẹran kékeré ni nínú ìkòkò ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn owó Amẹ́ríkà: Trump dá a dúró ní 2018, Biden dá a padà ní 2021, wọ́n tún dá a dúró ní Oṣù Kìíní 2024, ilé aṣòfin wọn sì fi òfin dè é lóṣù Kẹta ọdún náà. Olùkọ́ tó ń gba owó oṣù, aláìsàn àtọ̀gbẹ tó ń gba oògùn lóṣooṣù, wọn kò lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣètò ayé wọn. Èmi rí i pé ohun tó jẹ́ kí owó Írẹ́lándì níyì ni pé ó dé ní ọdún tí wọ́n ń retí rẹ̀, ó sì tún dé ní ọdún tí àwọn alágbára ká ọwọ́ kò.

Kí ló kan Írẹ́lándì nínú rẹ̀?

Ẹ bi ará Írẹ́lándì kan léèrè, ìyàn ni yóò kọ́kọ́ bá yín sọ. Láàárín 1845 sí 1852, àrùn jẹ ọ̀dùnkún wọn run. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, mílíọ̀nù kan mìíràn sì sá fi ìlú sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó ọkà àti màlúù kúrò ní èbúté wọn lọ tà nígbà tí ebi ń pa àwọn tó gbìn ín. Wọn kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ lónìí pé oúnjẹ wà lẹ́nu ibodè tí kò wọlé, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Nínú àwọn tó fi owó ránṣẹ́ sí wọn nígbà ìyàn yẹn ni Súlútáànì Abdülmecid ti ìjọba Ottoman (ìjọba Tọ́kì àtijọ́), ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń jọba lórí Jerúsálẹ́mù àti Gásà lákòókò náà. Èmi kò sọ pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lónìí o, ṣùgbọ́n ìtàn tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni.

Ìṣèlú náà ní tirẹ̀. Lóṣù Kejì 1980, Brian Lenihan, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dé Bahrain, ó sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ pé àwọn ará Palẹstínì lẹ́tọ̀ọ́ sí orílẹ̀-èdè tiwọn. Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù, Írẹ́lándì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò lọ. Àwọn fàdá Írẹ́lándì ló kún ilẹ̀ Ígbò nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ló sì ké sí ará ilé wọn pé ebi ń pa ọmọdé. Ní 1968, wọ́n dá Africa Concern sílẹ̀ ní Dublin láti kó oúnjẹ àti oògùn lọ sí Biafra. Òun ló di Concern Worldwide tí gbogbo ayé mọ̀. Inú ìjọba àpapọ̀ kò dùn. Nígbà tí ogun parí ní 1970, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn fàdá náà kúrò nílùú. Àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn nìyí: oúnjẹ tí ẹ ń kó wọ ibi tí ogun wà, ṣé kì í ṣe ọmọ ogun ọ̀tá ló ń jẹ ẹ́? Àwọn bàbá wa jiyàn yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọ wọn tún ń jà á lórí fóònù báyìí, orúkọ ìlú ló kàn yí padà.

Ó dáa, ẹ dáhùn rẹ̀: ṣé Hamas kọ́ ló ń kó owó náà?

EU ti ka Hamas, ẹgbẹ́ ológun Palẹstínì tó gba àkóso Gásà, mọ́ ẹgbẹ́ apániláyà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òfin náà sì de Írẹ́lándì. Kò sí owó Irish Aid tó ń lọ sọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń gbà á ni UNRWA, UNICEF, àwọn àjọ àgbáyé mìíràn, àti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́ pẹ́. Èyí tó bá lọ sọ́dọ̀ Aláṣẹ Palẹstínì ní Ramallah (ìjọba tó ń bójú tó apá kan West Bank, Hamas kọ́), iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n so ó mọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi Bíbélì tàbí Kùránì búra pé àpò ìyẹ̀fun kan kò ṣìnà rí níbi tí ìbọn ti ń dún. Ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe ń tọpa ẹrù, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí ẹ̀sùn bá jáde. Ẹ̀sùn ńlá kan sì jáde.

Ẹ̀sùn UNRWA ni ẹ ń sọ?

Òun ni. Ẹ jẹ́ ká mọ UNRWA ná. Oṣù Kejìlá 1949 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ogun 1948 lé kúrò nílé. Ní Oṣù Karùn-ún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Gásà, ní West Bank, ní Jọ́dánì, ní Lẹ́bánónì àti ní Síríà. Ogúnléndé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ súnmọ́ mílíọ̀nù 6. Ṣáájú ogun yìí, ó ní ilé ẹ̀kọ́ bí 700, ọmọ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù sì ń kàwé níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Gásà nìkan tó 13,000. Ìyẹn ni pé ó ń ṣe ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe fún wa, tàbí tó yẹ kí wọ́n máa ṣe.

Ní Oṣù Kẹwàá ọjọ́ 7, 2023, Hamas àti àwọn tó tẹ̀ lé e wọ Ísírẹ́lì, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, wọ́n sì jí 251 gbé. Lóṣù Kìíní 2024, Ísírẹ́lì sọ pé òṣìṣẹ́ UNRWA 12 wà nínú àwọn tó ṣe é. Kíá, orílẹ̀-èdè 16 dá owó dúró, nǹkan bíi mílíọ̀nù 450 dọ́là. Írẹ́lándì kò dá tirẹ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, lóṣù Kejì, Micheál Martin tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà gba ọ̀gá UNRWA ìgbà náà, Philippe Lazzarini, lálejò ní Dublin, ó sì kéde mílíọ̀nù 20 yúrò. Nọ́wè àti Spéènì náà kò dáwọ́ dúró.

Ṣé wọ́n fojú fo ẹ̀sùn náà ni? Rárá. Wọ́n ní kí ìwádìí máa lọ, kí oúnjẹ náà máa lọ. Àwọn olùṣèwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ 19 wò. Lóṣù Kẹjọ 2024 wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí 9 ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì lé wọn. Fún 9 mìíràn ẹ̀rí kò tó. Fún ẹnì kan kò sí ẹ̀rí rárá. Ìgbìmọ̀ tí Catherine Colonna, mínísítà ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, darí ti jábọ̀ lóṣù Kẹrin pé UNRWA ní ètò tó lágbára láti má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àmọ́ ibi tó ní láti tún ṣe ṣì wà. Kánádà, Sweden, Jámánì àti Bìrìtìkó dá owó wọn padà láàárín ọdún náà. Lérò tèmi, ìpinnu Dublin tọ̀nà: ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn mẹ́sàn-án kò tó láti ti ilé ìwòsàn mọ́ mílíọ̀nù méjì èèyàn Gásà lójú. Ẹni tó bá rí i lọ́nà mìíràn kò ya wèrè. Àwọn tó pàdánù ọmọ lọ́jọ́ keje yẹn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ísírẹ́lì kò gba àlàyé náà. Oṣù Kẹwàá 2024 ni ilé aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin tó lé UNRWA, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí Oṣù Kìíní 2025.

Ṣé EU kò fẹ́ dá owó dúró nígbà kan?

Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìkọlù náà, ní Oṣù Kẹwàá ọjọ́ 9, 2023, kọmíṣọ́nà Olivér Várhelyi kéde pé gbogbo owó ìdàgbàsókè Palẹstínì ti dúró. Írẹ́lándì, Spéènì, Luxembourg àti Pọ́túgà ta kò ó pé kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ padà.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe?

Ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù. Pẹ̀lú àwọn bíi Nọ́wè àti Finland, Írẹ́lándì ń dá owó sínú àpò kan náà fún ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ramallah. Ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan tún wà láti 2019 fún àwọn ọmọ Palẹstínì tó fẹ́ ka oyè másítà ní Írẹ́lándì. Lóṣù Kẹjọ 2025, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rọ́nà jáde kúrò ní Gásà wá sí yunifásítì níbẹ̀.

Wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà. Èyí dá wàhálà sílẹ̀ ní 2021, nígbà tí Ísírẹ́lì ní ẹgbẹ́ Palẹstínì mẹ́fà, Al-Haq àti Addameer wà nínú wọn, jẹ́ ẹgbẹ́ apániláyà. Orílẹ̀-èdè 9 ní EU, Írẹ́lándì àti Jámánì pẹ̀lú, dáhùn lóṣù Keje 2022 pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó múnú dúró, àwọn yóò sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ.

A gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ nǹkan, Ísírẹ́lì ń wó o. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ní West Bank. Àdéhùn Oslo ti 1995 pín ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ipele C, tó gba nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà, wà lábẹ́ àṣẹ Ísírẹ́lì pátápátá. Kí ará Palẹstínì tó kọ́ ilé, ilé ẹran tàbí kànga níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìwé náà kì í sì í sábà jáde. Àwọn orílẹ̀-èdè bíi Írẹ́lándì ka ibẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lógun, nítorí náà wọ́n ń ran àwọn darandaran ibẹ̀ lọ́wọ́ láìdúró de ìwé. Ísírẹ́lì ní kò bófin mu, ó ń wó o tàbí ó ń kó o lọ.

Ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n kó sólà àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ alágbèéká kan lọ, orílẹ̀-èdè 8 ní Yúróòpù, Írẹ́lándì wà lára wọn, kọ lẹ́tà sí Ísírẹ́lì pé kó san ju 30,000 yúrò padà. Owó náà kò tó nǹkan, ẹ̀yin náà rí i. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó ṣàánú béèrè owó rẹ̀ padà ní gbangba, èyí tí àwọn oníṣẹ́ àánú kì í sábà ṣe.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú gbé gbogbo owó náà fún Ramallah?

Nítorí pé àpò Ramallah ti ní ihò tí owó Írẹ́lándì kò lè dí. Àdéhùn Paris ti 1994 ló sọ pé Ísírẹ́lì ni yóò máa gba owó ibodè lórí ọjà tó ń lọ sí Palẹstínì, yóò yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà lóṣooṣù. Owó yìí lé ní ìdajì gbogbo ohun tó ń wọlé fún Aláṣẹ Palẹstínì. Láti 2019 ni Ísírẹ́lì ti ń yọ nínú rẹ̀ nítorí owó tí Ramallah ń san fún ìdílé àwọn ẹlẹ́wọ̀n; lẹ́yìn Oṣù Kẹwàá 2023, ó tún dá ìpín Gásà dúró. Àwọn olùkọ́ ń gba ààbọ̀ owó oṣù. Kò ní ṣòro fún ará Nàìjíríà láti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Owó ń lọ, kí ló dé tí ebi ṣì pa wọ́n?

Ìbéèrè tó wúwo jù lọ nìyí, torí owó kọ́ ni kò sí.

Ṣáájú ogun, nǹkan bí 500 ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọ Gásà lójoojúmọ́ iṣẹ́. Lóṣù Karùn-ún 2024, Ísírẹ́lì gba ibodè Rafah tó kọjú sí Íjíbítì, ọ̀nà yẹn sì dí. Láti Oṣù Kẹta ọjọ́ 2, 2025, ó ti gbogbo ọ̀nà pa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ohunkóhun kò fi wọlé. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, àjọ IPC tó ń wọn ebi lágbàáyé kéde pé ìyàn ti dé sí agbègbè ìlú Gásà. Ísírẹ́lì kọ̀ ọ́, ó ní oúnjẹ ń wọlé, pé Hamas ló ń jí i kó, pé àwọn àjọ àgbáyé kò sì yára gbé e ní ibodè.

Àyẹ̀wò ẹrù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohunkóhun tí wọ́n bá rò pé ọmọ ogun lè lò, wọ́n lè dá a padà. Lóṣù Kìíní 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Chris Van Hollen àti Jeff Merkley, lọ sí Íjíbítì fúnra wọn, wọ́n sì rí ilé ìkẹ́rù tó kún fún ohun tí wọ́n dá padà: sílíńdà afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti ohun èlò àyẹ̀wò omi wà nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù 20 yúrò tí Dublin fi ránṣẹ́, ó lè ra ọ́síjìn. Kò lè ra ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kí ìrànwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣe ìṣèlú pẹ̀lú, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ìṣèlú wo ni Írẹ́lándì wá ṣe?

Ní Oṣù Karùn-ún ọjọ́ 28, 2024, òun, Nọ́wè àti Spéènì jọ gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ísírẹ́lì pe aṣojú rẹ̀ kúrò ní Dublin, nígbà tó sì di Oṣù Kejìlá, ó kéde pé òun yóò ti ẹ́ḿbásì náà pa.

Ọ̀rọ̀ òwò ló le jù. Ní 2018, sẹ́nétọ̀ Frances Black gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n má ra ọjà tó bá wá láti inú àwọn ìletò Ísírẹ́lì ní West Bank. Ìjọba gbé e sápá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé ní 2025 ó gbé irú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ṣé ọwọ́ wọn mọ́ pátápátá?

Ọwọ́ ta ló mọ́ pátápátá? Lẹ́yìn tí Bìrìtìkó kúrò nínú EU, Ísírẹ́lì yan Írẹ́lándì ní 2021 gẹ́gẹ́ bí ibi tí yóò ti máa gba ìwé àṣẹ láti ta bọ́ǹdì rẹ̀ (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó) ní Yúróòpù. Báńkì àpapọ̀ Írẹ́lándì ń fọwọ́ sí ìwé yẹn lọ́dọọdún, nígbà ogun pàápàá, ó ní òfin EU kò fún òun láyè láti kọ̀ ọ́. Àwọn aráàlú fi ẹ̀hónú hàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án 2025 ni iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Luxembourg. Títí di ìgbà náà, orílẹ̀-èdè náà ń fi ọwọ́ kan fúnni ní oúnjẹ, ọwọ́ kejì sì ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé.

Àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ńkọ́?

Ìjọba gbà ní 2024 láti mú tó 30 ọmọ láti Gásà wá gba ìtọ́jú. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ dé lóṣù Kejìlá.

Mo wà ní Írẹ́lándì, mo fẹ́ fi tèmi kún un. Báwo ni kí n ṣe?

Ẹ má kó aṣọ jọ. Ẹnu ibodè tí ọ́síjìn kò gbà kọjá, ẹ̀wù àlòkù kò ní gbà á kọjá. Owó ni kí ẹ fún ẹgbẹ́ tó ti ní èèyàn níbẹ̀ ṣáájú ogun.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Charities Regulator lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹgbẹ́ aláàánú tó bófin mu níbẹ̀ ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RCN. Ẹni tó kàn fi nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀ sínú WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, bó ti wù kí ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ pọ̀ tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò gbà kó o dé Gásà. Tí ohun tí ẹ fún ẹgbẹ́ kan bá tó 250 yúrò láàárín ọdún kan, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lè gba owó orí tí ẹ ti san lórí rẹ̀ padà, ẹ̀yin kò sì ní san kọ́bọ̀ kún un. Wọn yóò fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí yín; ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń sọ ọ́ sínú pàǹtírí. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dá a padà.